Wọn Ò Tíì Ní Kí N Dìde

Mo ti dúró rí lórí pákó tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ méjì lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alájà mẹ́ta, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ṣòkòtò mi lẹ́lẹ́, tí mo sì ń kọrin. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe. Nítorí náà, tí mo bá sọ pé ẹ̀rù awò ojú bà mí, kí ẹ má rò pé ojo ni mí láti ilé wá. Ojo tó mọ ibi tó ti ń ṣojo ni mí.

Awò náà kì í ṣe èyí tí a fi ń kàwé. Ó tóbi tó ìdajì búlọ́ọ̀kù, ó dúdú, ó ní okùn tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ìpàkọ́. Tí ènìyàn bá ti gbé e sójú, kò ní rí yàrá tó wà mọ́, ibòmíràn ni yóò máa rí. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló gbé e wọlé. Ìyá rẹ̀ ti dolóògbé, ọ̀dọ̀ wa níbí, nínú ilé bàbá wa ní Ìwó, ló dàgbà sí. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyí: àwọn ènìyàn tó wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fẹ́ ṣe ìpàdé, wọn ò fẹ́ wọkọ̀, wọ́n á wá pàdé nínú gbọ̀ngàn kan tí kò sí níbì kankan láyé, àfi nínú awò. Ọmọ wa ló ń múra wọn sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé, bí wọ́n ṣe ń jókòó, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣe ń gun pèpéle, bí ẹni tó wá gbọ́rọ̀ ṣe ń pa ẹnu mọ́. Ẹ̀kọ́ ilé náà ni, ilé ọ̀hún ni kò ní ògiri.

Èmi ò dá sí i. Tí mo bá ń gba ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kọjá, tí mo rí i tó ń ju ọwọ́ nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin, màá ní “Aúsùbilláhì”, màá sì yára ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé ló gbé mi wọ inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà, òun sì ni olórí ẹbí láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ. Lọ́jọ́ kan ló pe gbogbo wa pé òun fẹ́ ta ilé. Ilé yìí, tí èmi àti ìyàwó mi àti ọmọ yìí ń gbé. Ẹni tó fẹ́ rà á ti wà nílẹ̀, ó fẹ́ wó o, kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá àti ìyá wa sùn sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi da ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Bàbá wa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò káàkiri, ó ní, “Ó dáa. Kò dún bí agbè òfìfo.” Ìyìn kan ṣoṣo tí mo gbà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn títí tó fi kú, wọ́n sì fẹ́ fi katakata hú u.

Ẹ̀gbọ́n ní ìpàdé kan ṣoṣo la máa ṣe. Ẹbí ti fọ́n ká, inú awò la ó ti pàdé, ẹni tó bá ní ohun sísọ kó wá sọ ọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó parí. Ó sì ní kí ọmọ wa ṣètò rẹ̀, ṣebí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Mo lọ bá ọmọ náà nínú yàrá. Mo ní, “Ìwọ lo mú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn yẹn lọ́wọ́. Ṣé o ò lè tìlẹ̀kùn mọ́ wọn síta ni?”

“Bàbá, iṣẹ́ mi ni.”

“Ilé rẹ náà ni.”

“Mo mọ̀, sà. Ìdí tí n ò fi gbọ́dọ̀ ṣe màgòmágó nìyẹn. Tí ẹnìkan bá rí i pé mo ti ìlẹ̀kùn, wọ́n á ní àwa tí à ń gbébẹ̀ la ba ìpàdé jẹ́, wọ́n á ta ilé lórí wa. Gbogbo ẹni tó lẹ́nu ni màá múra sílẹ̀ bákan náà. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá gbà.”

Ìyàwó mi dá sí i láti ibi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. “Wọn ò lè gbà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n.”

“Ẹ̀rù ń ba ta ni?”

“Ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá bíi pé ajá ń lé e.”

Ohun tó mú mi jókòó síwájú awò nìyẹn. Kì í ṣe ìgboyà, ẹnu obìnrin ni.

Kí n tó gbé e sójú, mo béèrè ìbéèrè kan: tí ojú mi bá lọ sí ibòmíràn, ta ló máa bá mi ṣọ́ ara tí mo fi sílẹ̀ lórí àga? Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín, ó ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó ní òun wà níbí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, mo ní kí ìyàwó mi di etí bùbá mi mú. Ó dì í mú lóòótọ́, ó sì ń fà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí n lè máa ké.

Mo ṣe bísímílà, mo wọlé. Gbọ̀ngàn gbẹ̀ǹgbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ funfun, ó ń dán. Lójú fèrèsé, omi òkun ló lọ salalu. Òkun, nínú ilé wa! Mo di àga mú. Àmọ́ nígbà tí mo gbójú sókè, iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rù tó ráyè.

“Ta ló kọ́ ilé yìí?”

“Bàbá, ẹ kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì apá ọ̀tún kẹ́ ẹ lè jókòó.”

“N ò jókòó sábẹ́ rẹ̀. Òpó dà? Òrùlé tó tóbi báyìí, kò sí òpó kankan lábẹ́ rẹ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n jáde.”

“Kò lè wó, Bàbá. Kò wúwo.”

“Ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ nìyẹn.”

Ara tó fún mi níbẹ̀ jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irun kún orí rẹ̀. Mo kọ̀ ọ́. Mo ní fìlà mi dà. Ó wá fìlà kan jáde fún mi, ó sì fi ewú díẹ̀ sí àgbọ̀n, mo wá mọ ara mi. Ó fún mi ní ohun méjì tí mo máa dì mú, wọ́n rí bí ọwọ́ áyọ́ọ̀nù, àwọn ló di ọwọ́ mi níbẹ̀. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa nawọ́ kí wọ́n tó fún mi láyè, bí mo ṣe máa rìn láìgba inú ènìyàn kọjá. Ó ní tí mo bá dé orí pèpéle, kí n mí kanlẹ̀, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí n má fi òwe bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ọmọ tó wà ní òkè òkun ò ní dúró de ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n pa máíìkì tí mi ò bá sọ̀rọ̀, torí gbogbo ẹbí ló máa gbọ́ tí mo bá ń bú ewúrẹ́.

Bó ṣe kọ́ mi náà ló kọ́ àwọn tó fẹ́ ta ilé. Mo ń gbọ́ ọ nínú yàrá, ohùn kan náà, sùúrù kan náà, inú sì ń bí mi. Ọmọ àbúrò bàbá wa kan ní Kánádà gbé àwọ̀ ológbò wọ̀, ọmọ wa ní, “Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, a ò lè fi ojú ológbò jíròrò ilé baba ẹni.” Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ilé-Ogbó lọ kọ́ àbúrò bàbá wa obìnrin, tí ojú rẹ̀ ò gba awò, bó ṣe máa gba orí fóònù wọlé. Ìyá yẹn bi í léèrè pé, “Ṣé àwọn tó ti kú náà lè wá síbẹ̀?”

“Rárá, Ìyá.”

“Kí wá ni ìwúlò rẹ̀?”

Nígbà tó di ọjọ́ àdánwò, gbogbo wa fẹ́ wọlé wò ó bóyá ó máa ṣiṣẹ́. Mo ti ń rìn káàkiri, àyà mi ti ń balẹ̀, mo tiẹ̀ ń ṣe àkọ fún ìyàwó mi tí kò rí ohun tí mò ń rí. Ni ẹ̀gbọ́n wa bá yọ níwájú mi lójijì, nínú kóòtù, pẹ̀lú irun dúdú tí kò sí lórí rẹ̀ mọ́ lójú ayé. Ó ní, “Àbúrò mi!”

Ara ò rántí pé inú awò la wà. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé tó bá rí àgbà, kó wólẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Awò gbá sìmẹ́ǹtì, gbàù! Ohun tó tún burú ni pé ilẹ̀ gbọ̀ngàn yẹn ò gba ènìyàn dúró. Bí orí mi ṣe lọ sílẹ̀, ara mi wọ inú ilẹ̀ lọ, ó ku fìlà lókè bí ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rín ṣẹ́ yọ. “Ilẹ̀ ti gbé e mì!” “Ẹ wo fìlà!” Ẹ̀gbọ́n pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Dìde, dìde, kì í ṣe ìkíni ayé ìsinsìnyí nìyẹn.”

Ọmọ wa ní tí mo bá fẹ́ kí àgbà níbẹ̀, bọ́tìnnì kan wà tó ń báni tẹrí ba. Mo tẹ̀ ẹ́ wò. Orí mi mì lẹ́ẹ̀kan bíi ti aláǹgbá. Mo ní, “Èyí tí mo fi ń kí àgbà rèé?”

“Ẹ má dọ̀bálẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ ìpàdé, Bàbá. Ẹ máa sọnù lójú wọn.”

Mo gbà. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ ní kí ìyàwó mi bá mi lọ ṣojú. Ó ní òun ò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan kí n tó dé ọjọ́ náà. Ìdọ̀bálẹ̀ méjì ló wà nínú ẹbí wa. Ti ìkíni nìkan, ẹnikẹ́ni lè ní kí o dìde kúrò nínú rẹ̀. Ti ẹ̀bẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ẹni tó ń bẹ̀ nìkan ló lè ní kó dìde, tó bá sì ti ní “dìde”, ó ti gba ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, kò sí yíyí ẹnu padà. Àwọn àfáà kan ní kò tọ́ ká forí kanlẹ̀ fún ènìyàn. Àwa kì í fi iwájú orí kàn án, àyà la fi ń kàn án.

Ẹ̀gbọ́n wa mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Nígbà tó fẹ́ lọ sí òkè òkun, bàbá wa kọ̀. Ó ní àkọ́bí òun kò ní fi oko àti ilé kéú sílẹ̀ lọ di àlejò níbi tí wọn ò mọ ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀ sí pálọ̀ yẹn. Bàbá wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń jẹun, ó ń gba àlejò, àlejò ń bi í pé kí ló ṣe ọmọ yìí, ó ní kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ń gbé omi fún un mu níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Nígbà tó yá, bàbá wa dúró lé e lórí, ó wò ó títí, ó ní, “Dìde.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú.

Ọjọ́ ìpàdé bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Mo jókòó sí pálọ̀, ọmọ wa wà nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní igun kan, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nínú awò, gbogbo ẹbí ti jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ẹni wá síbi ìgbéyàwó nìkáà. Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dáadáa. Ó ní ilé ti gbó, òrùlé ẹ̀yìn ń jò, àwọn ọmọ wa ò ní padà wá gbébẹ̀. Ti Kánádà ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ti Èkó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnìkan ní kí n má bínú, wọ́n á wá yàrá kan fún mi ní Olúpọ̀nnà, ibẹ̀ tutù. Bíi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mí.

Ó kàn mí. Mo gun pèpéle bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo mí kanlẹ̀. Mo wo gbogbo ojú tó ń wò mí, ojú tí kì í ṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo ti to jọ fò lọ. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, “Ẹ̀rọ wọn ti há.” Kì í ṣe ẹ̀rọ, èmi ni mo há.

Inú wá bí mi. Ó bí mi sí ẹ̀rù yẹn gan-an. Èmi, nínú ilé bàbá mi, lórí ilẹ̀ tí mo dà fúnra mi, tí mò ń gbọ̀n níwájú àwòrán! Mo gbé ohun ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Mo kúrò lórí àga, mo fi àyà kanlẹ̀.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má ta ilé bàbá wa.”

“Ó tún ti ṣe é!” “Ó ti wọlẹ̀!” Ẹ̀rín tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èmi ń wò wọ́n láti ìsàlẹ̀. Àtẹ́lẹ̀ bàtà gbogbo ẹbí mi ni mò ń rí, wọ́n tò lọ rẹrẹ, wọn ò tẹ nǹkan kan. Ilẹ̀ tiwọn ò gbà mí dúró. Èyí tí mo dà gbà mí, ó tutù ní àyà mi, kò dún bí agbè òfìfo.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Mo ti gbọ́. Ẹni tó kàn.”

Ọmọ wa dáhùn, ohùn iṣẹ́ ló fi dáhùn. “Olùsọ̀rọ̀ ò tíì kúrò lórí pèpéle, sà.”

“Gbé e kúrò. O ní bọ́tìnnì rẹ̀.”

“Mo ní in, Bàbá Amẹ́ríkà. Àmọ́ mo ti sọ fún gbogbo yín nígbà tí mò ń múra yín sílẹ̀, a kì í fọwọ́ kan olùsọ̀rọ̀ tí kò bá ní ká ran òun lọ́wọ́. Ẹ̀yin gan-an lẹ ní òfin yẹn dáa.”

“Ẹ̀rọ ló ṣì í gbé, ọmọ yìí!”

“Ẹ̀rọ ò ṣì wọ́n gbé, sà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ ni. Àwòrán wọn ni mo lè dá padà sórí àga. Àwọn fúnra wọn wà nílẹ̀ pálọ̀ níbí. Ẹnu tiyín ló lè gbé ìyẹn dìde.”

Ọmọ Kánádà ní, “Ẹ ṣáà ní kó dìde, ká tẹ̀ síwájú.” Àǹtí kan ní Èkó pariwo mọ́ ọn pé, “Pa ẹnu mọ́, o ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀!”

Ìyá wa ti Ilé-Ogbó wá sọ̀rọ̀, láti inú fóònù, ohùn rẹ̀ ń já, ó ń so. “Pálọ̀ wo ló dùbúlẹ̀ sí?”

Ọmọ wa ní, “Pálọ̀ bàbá àgbà, Ìyá.”

“Ẹ̀yin olórí ẹbí, ṣebí ẹ̀yin náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀ rí. Àbí irun dúdú tẹ́ ẹ wọ̀ yẹn ti mú yín gbàgbé?”

Àwòrán kì í la òógùn, n ò lè mọ ohun tó wà lójú ẹ̀gbọ́n. Ọrùn ti ń ro mí, èèrà kan ń rìn lórí ọwọ́ mi, n ò mira. Mo ní bó bá fẹ́ kó pẹ́ bíi ti bàbá wa, omi ò ní wọ́n mi, ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Ìpàdé ti parí.” Bàtà rẹ̀ sì pòórá lókè orí mi.

Kò ní “rárá”. Kò sì ní “dìde”.

Ìyàwó mi ló bọ́ awò náà lójú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Baálé mi, ṣé ẹ̀rù ló tún bà yín ni àbí ẹ̀bẹ̀ lẹ̀ ń bẹ̀?”

Mo ní, “Méjèèjì jọ wá ni.”

Mo gbé ara nílẹ̀ lọ kírun, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ènìyàn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbi tó wà. Ìyá Ilé-Ogbó pe gbogbo ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó ń ta ilé tí ẹ̀bẹ̀ ṣì dùbúlẹ̀ sí.

Nígbà tí ẹni tó fẹ́ ra ilé dé pẹ̀lú téèpù láti wọn ilẹ̀, orí àkàbà ni mo wà. Mo ní, “Ta ló ní kí o wá wọn ilé tí mo dùbúlẹ̀ sí?” Ó wò mí lókè, ó wo ilẹ̀, ó tún wò mí. Ó pe Amẹ́ríkà lórí fóònù. N ò mọ ohun tí wọ́n sọ fún un. Ó ká téèpù rẹ̀, ó bá ọ̀kadà tó gbé e wá padà lọ.

Ẹ̀gbọ́n ń pè mí bíi ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti pè, màá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣì wà nílẹ̀ o.” Á pòṣé, á yí ọ̀rọ̀ sí ti ìlera. Ó rán ọmọ wa sí mi pé kó kọ́ mi dáadáa bí wọ́n ṣe ń jókòó nínú gbọ̀ngàn yẹn. Mo ní kó sọ fún un pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó.

Lọ́jọ́ tí mò ń pààrọ̀ páànù ẹ̀yìn tó ń jò ló tún pè. Mo fi èjìká di fóònù mọ́ etí, mò ń kan ìṣó lọ.

Ó ní, “Kí ló ń dún yẹn?”

“Òòlù ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ṣebí o ní o wà nílẹ̀.”

“Mo wà nílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ò tíì ní kí n dìde.”

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, bí ọmọ wa ṣe kọ́ gbogbo wa pé kí olùsọ̀rọ̀ máa ṣe.

Ó ní, “Kàn án kó lẹ̀ dáadáa. Ìgbà òjò ti dé.”

Ìyẹn kì í ṣe “dìde”. Mo mú ìṣó mìíràn.